Ìlera Nínú Ìdílé: Bí Ẹ̀yìn Bá Ń Dùn Wá

Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn dídùn ni a fẹ́ bá ara wa sọ. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí agbo ilé kan ní Sèmè-Kpodji níbí tí a kò ti ní rí ẹnì kan tí ń fọwọ́ ti ìbàdí kí ó tó lè dìde lórí àpótí.

Ẹ wo irú iṣẹ́ tí a ń ṣe. Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ lórí iyanrìn wa ń bomi rin ín láàárọ̀, wọ́n tún ń bomi rin ín nírọ̀lẹ́, nítorí iyanrìn kì í mú omi dúró. Agolo ìbomirin tó bá gba lítà 10, kílò 10 ni omi inú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé méjì lọ́wọ́, tó lọ tó bọ̀ nígbà 50, ti gbé omi kílò 1,000 kí ó tó fẹnu kan oúnjẹ. Àwọn apẹja wa ń tẹ̀ bá okùn àwọ̀n létí òkun. Àwọn tó ń wa zémidjan ń jókòó sórí alùpùpù láti òwúrọ̀ di alẹ́, láti Ekpè títí dé Kraké, gbogbo kòtò ọ̀nà ni ẹ̀yìn wọn sì ń mọ̀. Àwọn ìyá wa ń gbé ọpọ́n ọjà, wọ́n ń pọn ọmọ, wọ́n ń tẹ̀ gbálẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ fọṣọ, wọ́n ń tẹ̀ dáná.

Kì í sì ṣe àwa nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a ń pè ní OMS níbí, sọ pé ní ọdún 2020, ènìyàn mílíọ̀nù 619 ni ìbàdí ń dùn káàkiri ayé. Kò sí àìsàn mìíràn tó ń dá ènìyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ tó o.

Nítorí pé ó wọ́pọ̀, olúkúlùkù ló ní ìmọ̀ràn tirẹ̀. Ọ̀kan á ní, lọ dùbúlẹ̀. Èkejì á ní, lọ gba abẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹta á ní, mu àgbo. Ohun tí àwa fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyí: ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn dídùn ni yóò lọ bí a bá ń mira níwọ̀nba; díẹ̀ nínú rẹ̀ ni kò ní lọ bẹ́ẹ̀, àwọn wọ̀nyí sì ní àmì tí a fi ń dá wọn mọ̀. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò ní fi owó ilé ṣòfò, kò sì ní pẹ́ jù níbi tí kò yẹ kí ènìyàn ti pẹ́.

KÍ NI Ẹ̀YÌN WA?

Ẹ̀yìn kì í ṣe igi kan ṣoṣo tó lè dá sí méjì nígbà tí a bá tẹ̀. Eegun kéékèèké 24 ló jókòó lé ara wọn lórí láti ọrùn dé ìbàdí: 7 ní ọrùn, 12 lẹ́yìn àyà, 5 ní ìbàdí. Eegun ìdí tó ti lẹ̀ mọ́ra wà nísàlẹ̀ wọn. Láàárín eegun kan àti èkejì, ohun kan wà tó rọ̀ bíi tìmùtìmù, tí kì í jẹ́ kí eegun máa gbo eegun. Iṣan àti ẹran ara ló yí gbogbo rẹ̀ ká, tí wọ́n dì í mú bí okùn ṣe ń di òpó àgọ́ mú. Láàárín ihò eegun wọ̀nyí ni okùn ìmọ̀lára gbà sọ̀kalẹ̀ láti inú ọpọlọ, tó sì ya ẹ̀ka sí ọwọ́ àti sí ẹsẹ̀.

Eegun 5 ti ìbàdí ló ń ru ẹrù ara jù. Ìdí nìyẹn tí ìrora fi fẹ́ràn ibẹ̀. Bí ẹ̀ka okùn ìmọ̀lára kan bá há níbẹ̀, ìrora náà lè gba ìdí sọ̀kalẹ̀ lọ sí itan, kí ó dé àtẹ́lẹsẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní sciatique ní Faransé. Ó máa ń roni gan-an, ó sì lè pẹ́ ju ti ìbàdí lásán lọ, ṣùgbọ́n òun náà máa ń rọlẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

KÍ LÓ Ń FÀ Á?

Bí a bá kó ènìyàn 10 tí ìbàdí ń dùn jọ, nínú bíi 9 wọn, dókítà kò ní rí eegun kan tó ṣẹ́, kò sì ní rí àrùn kan pàtó tí ó lè tọ́ka sí. Èyí kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Iṣan tó ti rẹ̀, oríkèé tó ti le, ìjókòó tó pẹ́ jù, ẹrù tí a yí ara gbé, oorun tí kò tó, sìgá, ara tó wúwo jù, àti ìrònú ọkàn, gbogbo wọn ló lè fi kún un. Ìrora lè pọ̀ gan-an kí ohun tó bàjẹ́ nínú ara má tó nǹkan.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé jẹ̀díjẹ̀dí ló ń fa ìbàdí dídùn, pé ohun dídùn tí a jẹ ló dá a sílẹ̀. Jẹ̀díjẹ̀dí lè yọ ìdí, ó sì lè mú ẹ̀jẹ̀ wá nígbà tí a bá ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí lára eegun ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ń mu àgbo tí ń ṣí inú láràárọ̀ nítorí ìbàdí, inú rẹ̀ ni yóò máa ṣí. Ìbàdí yóò wà bó ṣe wà.

Àwọn mìíràn kò ní gbà títí wọn yóò fi ya fọ́tò inú ara. Ẹ gbọ́ èyí. Ní ọdún 1994, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ IRM wo ìbàdí ènìyàn 98 tí ẹ̀yìn kò dùn rárá. Nínú 100, bíi 52 ni tìmùtìmù àárín eegun wọn ti wú jáde díẹ̀, wọn kò sì mọ̀ ọ́n lára. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ohun tí fọ́tò bá fi hàn ló ń dunni. Kí ẹ má ta ewúrẹ́ ilé nítorí fọ́tò tí dókítà kò tíì ní kí ẹ yà.

ṢÉ KÍ A DÙBÚLẸ̀?

Ní ayé àtijọ́, àwọn dókítà fúnra wọn máa ń sọ pé kí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn sùn sórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1986, wọ́n dán an wò ní Amẹ́ríkà lára ènìyàn 203. Wọ́n ní kí apá kan sinmi fún ọjọ́ 2, kí apá kejì sinmi fún ọjọ́ 7. Ara àwọn ọlọ́jọ́ 7 kò yá ju ti àwọn yòókù lọ; iṣẹ́ tí wọ́n pa jẹ nìkan ló pọ̀ jù. Ní ọdún 1995, wọ́n tún dán an wò lára òṣìṣẹ́ 186 ní ìlú Helsinki ní Finland. Wọ́n ní kí apá kan dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 2, kí apá kan máa ṣe eré ìdárayá ẹ̀yìn, kí apá kẹta máa bá iṣẹ́ òòjọ́ wọn lọ níwọ̀n tí ara bá gbà. Apá kẹta yìí ni ara wọn tètè yá jù. Àwọn tó dùbúlẹ̀ ló kẹ́yìn.

Kí ló fà á? Ẹran ara tí a kò lò a máa rọ, oríkèé tí a kò tẹ̀ a sì máa le. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ pẹ́, nígbà tó bá dìde, ẹ̀yìn tó tún rọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni yóò fi pàdé iṣẹ́ kan náà. Yóò tún dùn ún, ẹ̀rù yóò bà á, yóò tún padà dùbúlẹ̀. Báyìí ni ìrora ọ̀sẹ̀ méjì ṣe ń di ti ọdún méjì.

Nítorí náà, lọ́jọ́ kìíní àti ìkejì, bí ìrora bá le, ẹ lè fẹ̀yìn lélẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì, kí ẹ gbé orúnkún lé ìrọ̀rí. Lẹ́yìn náà, ẹ dìde, ẹ rìn yí ilé ká. Ẹ fi aṣọ tí a rẹ sínú omi gbígbóná lé ibẹ̀, kí ó má gbóná tó láti bó awọ ara. Lọ́jọ́ kejì, ẹ rìn ju ti àná lọ. Ẹ ṣe iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ó bá dunni díẹ̀ nígbà tí a ń rìn, kì í ṣe pé nǹkan ń já nínú. Kí a má ṣe fi agídí gbé ẹrù ńlá, kí a má sì ṣe fi ìbẹ̀rù so ara wa mọ́ ẹní.

Nígbà tí ó bá rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ ṣe ohun mẹ́ta yìí lórí ẹní láàárọ̀ àti lálẹ́, ìgbà 10 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan:

1. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fa orúnkún kan wá sí àyà, kí ẹ kà dé 5, kí ẹ sì fa èkejì.

2. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ ká orúnkún, kí àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ẹ gbé ìdí sókè, ẹ kà dé 5, ẹ gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

3. Ẹ fi ọwọ́ àti orúnkún tẹlẹ̀. Ẹ ká ẹ̀yìn sókè bí ológbò tó ń nara, ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

OÒGÙN ŃKỌ́?

Oògùn bí ibuprofen tàbí diclofenac lè bu omi pa ìrora fún ọjọ́ díẹ̀, kí a lè rìn. Ṣùgbọ́n ó lè dá egbò sínú ikùn, ó lè ṣe kíndìnrín níbi, ó sì lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Aboyún, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn kíndìnrín kò gbọdọ̀ lò ó láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì.

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn orí àtẹ. Ní oṣù kejì ọdún 2017, ìjọba kó oògùn kúrò ní Adjégounlè, ọjà oògùn tó wà nínú Dantokpa ní Kutonu nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kiri oògùn nínú agbọ̀n kò tíì tán. Àwọn mìíràn nínú oògùn bẹ́ẹ̀ ní dexamethasone nínú. Ìrora á lọ lọ́jọ́ kan, inú ẹni á dùn. Bí a bá ń lò ó títí, ojú á wú, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á gòkè, eegun tí a ń wo oògùn sí gan-an á sì di ẹlẹgẹ́. Òmíràn jẹ́ tramadol, tí àwọn awakọ̀ kan ń lò kí wọ́n lè bá iṣẹ́ lọ. Òun a máa so ènìyàn mọ́lẹ̀, kí a tó mọ̀, a kò lè ṣe láìsí i mọ́. Abẹ́rẹ́ ìdí tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ bá gún lè ba okùn ìmọ̀lára ẹsẹ̀ jẹ́, kí ẹni tó wá tọ́jú ìbàdí padà lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ń wọ́ nílẹ̀.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, OMS kọ ìlànà jáde lórí ìbàdí tó ti ń dunni ju oṣù mẹ́ta lọ. Ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ni eré ìdárayá, ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń tọ́jú ara ẹni, ìfọwọ́ra, àti ìrànlọ́wọ́ fún ọkàn tó ti rẹ̀wẹ̀sì. Wọn kò fọwọ́ sí bẹ́líìtì ìbàdí, wọn kò sì fọwọ́ sí oògùn irú tramadol. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú ni kinésithérapeute, tí a ń pè ní kiné. Ẹ lè béèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá ní Àjàṣẹ́ tàbí ní CNHU ní Kutonu.

BÍ A ṢE LÈ ṢIṢẸ́

A kò lè sọ pé kí ènìyàn má ṣiṣẹ́ mọ́. Kí ni àwọn ọmọ yóò jẹ? Ṣùgbọ́n a lè yí ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é padà.

Ẹyin tó ń bomi rin ẹ̀fọ́, ẹ máa bu agolo ní ìdajì bí ẹ̀yìn bá ń dùn, kí ẹ sì fi kún iye ìgbà tí ẹ ó lọ. Ẹ má ṣe fi agolo ńlá kan ṣoṣo fa apá kan ara. Ẹ gbé ẹrù súnmọ́ ara. Bí ẹ bá fẹ́ yí, ẹ fi ẹsẹ̀ yí. Ẹ má ṣe fi ìbàdí nìkan yí nígbà tí ẹrù wà lọ́wọ́.

Ẹyin ìyá ọlọ́jà, ẹrù tó bá ti jókòó dáadáa lórí kọ́ ló máa ń ṣe ẹ̀yìn jù. Ìgbà tí a ń gbé e kúrò nílẹ̀ dé orí, àti ìgbà tí a ń sọ̀ ọ́, ni kí a bẹ̀rù. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹ pe ẹlòmíràn kí ó bá yín gbé e. Bí ẹ bá ní tábìlì tàbí àpótí gíga, ẹ sọ ọpọ́n lé e, kí ẹ má ṣe sọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gbé ọpọ́n ìfọṣọ àti ààrò sókè dé ibi tí ẹ kò ti ní máa tẹ̀ kanlẹ̀, kí ẹ sì fi igi gígùn sí ìdí ìgbálẹ̀.

Ẹyin oní-zémidjan, ní gbogbo wákàtí kan, ẹ sọ̀ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ fọwọ́ ti ìbàdí, ẹ na ara sẹ́yìn. Ohun kan náà ni télọ̀ àti ẹni tó ń jókòó ní ọ́fíìsì yóò ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìrìn náà tún ní ẹ̀rí. Ní Ọsirélíà, wọ́n kó ènìyàn 701 jọ tí ìbàdí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ yá, wọ́n sì kọ́ apá kan láti máa rìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó ìṣẹ́jú 30, ìgbà márùn-ún lọ́sẹ̀. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2024, ìrora tó ń padà wá lẹ́yìn bíi ọjọ́ 112 lára àwọn tí kò rìn kò padà wá lára àwọn tó rìn títí di bíi ọjọ́ 208. Ẹsẹ̀ ẹni ni oògùn yìí, a kì í rà á.

ÀWỌN ÀMÌ TÍ KÒ YẸ KÍ A FI ṢERÉ

Gbogbo ohun tí a ti sọ wà fún ẹ̀yìn dídùn lásán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ má ṣe nara lórí ẹní, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn náà. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ.

Bí ènìyàn kò bá lè tọ̀ mọ́, tàbí tí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ń bọ́ lára rẹ̀ láìmọ̀. Bí àárín itan rẹ̀ bá kú tipiri, tàbí bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń rọ: ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, kí ó má di ọ̀la.

Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn tí ènìyàn já láti orí igi àgbọn, tàbí lẹ́yìn ìjàǹbá alùpùpù, tàbí tí arúgbó ṣubú díẹ̀, eegun lè ti ṣẹ́.

Bí ìrora bá wà pẹ̀lú ibà, tí ìtọ̀ sì ń ta ẹni, kí a wo kíndìnrín. Bí ó bá ń wá tó ń lọ lára aboyún, ó lè jẹ́ ìrọbí. Bàbá tó ti lé ní 50 ọdún, tí ìtọ̀ kò jáde dáadáa, tí ẹ̀yìn sì ń dùn lóru, kí ó lọ yẹ ara rẹ̀ wò fún àrùn jẹjẹrẹ tó máa ń ti ibi ìtọ̀ bọ́ sínú eegun. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọ́dọ̀ ka ẹ̀yìn dídùn sí ti iṣẹ́ lásán.

Bí ẹ̀yìn bá ń dunni fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí ara ń rù, tí ibà ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, tí òógùn ń bo ni lóru, ẹ rántí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Kì í ṣe inú ẹ̀dọ̀fóró nìkan ló ń gbé. Ó lè jẹ eegun ẹ̀yìn, ẹni náà sì lè má wúkọ́ rárá. Percivall Pott, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1779, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń pè é ní àrùn Pott títí di òní. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, eegun á wó, ẹ̀yìn á ká, ọmọ tó dúró ṣánṣán á di abuké, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè rọ. Àwọn kan ti ka iké bẹ́ẹ̀ sí èpè, nígbà tí ó jẹ́ àrùn tó ní oògùn. Ní Benin, ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ó gba ọ̀pọ̀ oṣù, a kò sì gbọ́dọ̀ dá a dúró láàárín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ kò ní ká. Nítorí náà, ọmọ kékeré tó bá ń ráhùn ẹ̀yìn, tí kò fẹ́ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, tí kò fẹ́ tẹ̀ mú ohun tó bọ́ sílẹ̀, ẹ má ṣe nà án pé ó ya ọ̀lẹ. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Ọ̀RỌ̀ FÚN ILÉ

Ẹ̀yìn dídùn kò ní egbò tí a lè ṣí aṣọ fi hàn. Ìdí nìyẹn tó fi ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Ọkọ á rò pé ìyàwó ń sá fún iṣẹ́. Ìyàwó á rò pé ọkọ ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá àga. Àwọn ọmọ á máa fi bàbá àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ìrora ń bá jà, tí kò sì sí ẹni tó gbà á gbọ́, ìrònú á gbà á, oorun á dá lójú rẹ̀, ìrora á sì tún pọ̀ sí i.

Ẹ gba ara yín gbọ́. Ẹ má ṣe sọ pé, "Dùbúlẹ̀, má ṣe nǹkan kan," ẹ má sì ṣe sọ pé, "Dìde, ìwọ ọ̀lẹ." Ẹ sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká jọ rìn dé ojú ọ̀nà." Kí ọmọkùnrin ilé fa omi, kí ó má sọ pé iṣẹ́ obìnrin ni. Kí bàbá pọn ọmọ tàbí kí ó gbé e dání, bí ìyá bá ti pọn ọ́n láti àárọ̀. Ní ilé ìjọsìn pẹ̀lú, ẹni tí ìkúnlẹ̀ ń ni lára lè jókòó tàbí kí ó dúró. Kí ẹnikẹ́ni má fi ojú burúkú wò ó.

Ẹrù ilé kò ní tán, ẹ̀yin ará. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí ó má jẹ́ ẹ̀yìn ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa rù ú. Ó di ọ̀sẹ̀ mìíràn.